Hóró Àgbàdo Méjìlélógún

Èmi kì í sáré sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń kánjú, kó kọ́kọ́ lọ parí ohun tó ń ṣe, kó tó padà wá jókòó tì mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ìtàn ìjàpá, kì í sì í ṣe ti ọba kan láyé àtijọ́. Ojú mi ló ṣe, àtẹ́lẹwọ́ mi sì bó nínú rẹ̀.

Nígbà náà, mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń fi pákí ṣe gaàrí àti sítáàṣì, lójú ọ̀nà tó jáde láti Èjìgbò lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Àbíjàn ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Èjìgbò mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí agbolé wo ló wà nílùú wa tí kò lẹ́ni tó ń tajà tàbí tó ń ránṣọ ní Àbíjàn? Níbi tí a ń gbé lọ́hùn-ún, Yorùbá ni a ń sọ nínú ilé, Faransé ni a ń sọ lóde, ẹni tó bá sì gbé Faransé wọlé, bàbá mi á fi pàṣán dá a padà sóde. Nítorí náà, nígbà tí mo wálé wá kàwé, mo rò pé mo ti mọ ilé tán. Mo mọ ìkúnlẹ̀. Mo mọ oríkì ìdílé wa dé ìdajì. Mo mọ̀ pé a kì í na ọwọ́ òsì sí àgbà. Kí ló tún kù?

Ó kù púpọ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ni mánéjà wa, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kì í pariwo mọ́ òṣìṣẹ́, tó máa ń nu bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ nítorí ìyẹ̀fun funfun tó máa ń bà lé gbogbo nǹkan nínú ọgbà wa. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò níbẹ̀. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí o yege, wọ́n á fún ọ ní lẹ́tà pé iṣẹ́ ti di tìrẹ. Bí o kò bá yege, wọ́n á kí ọ pé ó dìgbóṣe. Mo wà nínú oṣù karùn-ún nígbà tí mánéjà pè mí wọ ọ́fíìsì.

"Àwọn ọ̀gá ní Èkó ti kọ̀wé," ó ní. "Wọ́n ní kí gbogbo ẹ̀ka ṣe oore fún àwọn tó yí wọn ká. Ní ọjọ́ kan, àwa òṣìṣẹ́ máa jáde, a máa ṣiṣẹ́ fún ará ìlú láìgba kọ́bọ̀. Ìwọ ni mo fi ṣe olórí ẹ̀."

"Èmi, sà?"

"Ìwọ. Ara rẹ yá, o sì mọ̀wé kọ. Tó bá yọrí sí rere, ìròyìn tí o bá kọ nípa ẹ̀ ni mo máa fi ti lẹ́tà rẹ lẹ́yìn. Tí kò bá wá yọrí…" Ó fa aṣọ pélébé kan yọ nínú àpótí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu bàtà. Kò parí ọ̀rọ̀ náà, mo sì gbọ́ ọ délẹ̀.

Òfin wà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn tí a lọ ṣoore fún, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe oúnjẹ, ìbáà ṣe ẹyọ ọsàn kan. Òfin náà dùn mọ́ mi. Mo ní, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé a ó lọ ran ènìyàn lọ́wọ́ tán, ká tún jẹ oúnjẹ ẹnu rẹ̀?

Abúlé kan wà tí kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ sí ilé iṣẹ́ wa. Oko wọn ni ọ̀pọ̀ pákí tí a ń lọ̀ ti ń wá. Àgbàrá ti jẹ ọ̀nà tó wọ abúlé náà débi pé títì ni ọlọ́kadà ti ń já èrò sílẹ̀, kí olúkúlùkù tó ru ẹrù rẹ̀ wọlé. Mo gun ọ̀kadà débẹ̀ lọ́jọ́ kan, èmi náà sọ̀ sí títì, mo ń fo kòtò bí ọ̀pọ̀lọ́, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé mo ti rí iṣẹ́ tí a ó ṣe. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ojú mi kúkú rí i.

Baálẹ̀ abúlé náà ti dàgbà, ara rẹ̀ kò sì le, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń dúró fún un. Ìyá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ga, ó máa ń wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó gbé omi fún mi nínú ife ike.

"Mu ún, kò léwu," ó ní. "Omi kànga ni. Kì í ṣe ti odò."

Mo mu ún, mo dúpẹ́. Mi ò bi í pé kí ló ṣe odò.

Mo wá sọ fún un pé ní Sátidé, àwa òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ pákí ń bọ̀ wá tún ọ̀nà wọn ṣe.

"Ta ló bẹ̀ yín?" ó ní.

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá, ìyá. Àwa fúnra wa la rò ó."

"Ẹ rò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

Ó wo ẹnu mi títí. "Ẹni mélòó lẹ máa jẹ́?"

"A máa tó ogún, ìyá."

"Ó dáa. A ó máa retí yín."

Bí mo ṣe ń padà lọ, inú mi ń dùn pé iye wa jọ ìyá lójú. Iye iṣu tí wọ́n máa gún ló ń ṣírò.

Sátidé pé. Méjìlélógún ni wá. A wọ tíṣáàtì tuntun aláwọ̀ ewé, típà kan sì ti kó yangí síwájú wa. Bàbá tó jẹ́ fọ́máànù níbi tí a ti ń fún omi pákí, ará ìlú Ara, àgbà òṣìṣẹ́ tó mọ orí àti ìdí iṣẹ́ náà, òun nìkan ni kò bá wa lọ. Ìbátan rẹ̀ kan ló kú, ó ti gbàyè láti lọ sin ín. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé ká ní bàbá yìí wà níbẹ̀ ni, ìtàn mi ì bá kúrú.

Nígbà tí a débẹ̀, àwọn ọkùnrin abúlé ti jáde pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, wọ́n ti ká ṣòkòtò sókè. Mo nawọ́ sí wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ jókòó! Ẹ má ṣe wàhálà kankan. Iṣẹ́ tiwa ni lónìí."

Mo ti háyà kánópì àti àga fún wọn pàápàá. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n gbé ọkọ́ jókòó sábẹ́ kánópì, wọ́n sì ń wò wá bí ẹni tó wá síbi ìnáwó tí kò rí onínàáwó. Ìyá dúró lábẹ́ igi mángòrò pẹ̀lú abọ́ àgbàdo kékeré kan. Bí ọ̀kan nínú wa bá ti bọ́ sójú ọ̀nà, á mú hóró kan nínú abọ́, á fi sí etí ìró rẹ̀. Nígbà tí gbogbo wa bọ́ sójú ọ̀nà tán, ó ta ìró náà ní kókó. Mo rò pé adìẹ ló fẹ́ fún.

Iṣẹ́ náà lọ dáadáa, mi ò ní purọ́. A da yangí, a di iyanrìn sínú àpò, a tò ó síbi tí àgbàrá ń gbà. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá ni mo ti ń gbọ́ odó nínú agbolé, gbì, gbì, gbì. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú iyán nínú abọ́ tí wọ́n fi ìdérí bò. Òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí gba gbogbo ojú ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ má bínú," mo ní. "A ti gbé oúnjẹ wa wá."

"Kí lẹ gbé wá?"

"Ìrẹsì, ìyá. Ó ti wà nínú ike."

Obìnrin kan nínú àwọn tó ń bẹ pákí ní ilé iṣẹ́ wa fà mí láṣọ lẹ́yìn. "Sista, ẹ jẹ́ ká kàn fọwọ́ kàn án."

Mo bojú wò ó. "Òfin ni."

Ọkùnrin kan tó ní ìrùngbọ̀n, tó jókòó lábẹ́ kánópì, ní, "Òfin? Ta ló ṣòfin pé kí iyán tutù?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn abọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá wò mí lẹ́nu.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ ṣé o. A ti rí i."

A jẹ ìrẹsì wa. A ya fọ́tò. Iyán tutù lójú wa.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ńṣe ni mò ń rìn nínú ọgbà bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Fọ́ọ̀mù ìròyìn tó wá láti Èkó wà lórí tábìlì mi, mo ti kọ ìdajì rẹ̀: ibi tí a lọ, iṣẹ́ tí a ṣe, iye wa. Ó ku àyè kan tí wọ́n ní ká kọ orúkọ àwọn tí a ṣe lóore sí. Mo ní màá kọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́bọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo wà lọ́dọ̀ mánéjà nígbà tí máígadì wa já wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ó ti ṣe sójà rí, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń wí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, bàtà rẹ̀ kan wà níta.

"Ogun dé, sà! Ẹ má jáde o! Àwọn ará abúlé ti kó àdá àti ọkọ́ dé ẹnu géètì!"

"Àdá?" ni mánéjà wí.

"Àdá, sà. Ọkọ́, sà. Ìyá kan ló ṣíwájú wọn, kò sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ̀yin ẹ mọ̀, sà, ẹni tó ń bínú tí kò sọ̀rọ̀, òun ló burú jù. Mo ti fi àgádágodo méjì ti géètì."

Mánéjà yíjú sí mi. "Kí lo ṣe fún wọn ní Sátidé?"

"Oore, sà."

"Irú oore wo ló ń mú kí èèyàn gbé àdá?"

Ó ti mú fóònù pé òun fẹ́ pe ọlọ́pàá, nígbà tí bàbá fọ́máànù wọlé, tó ń fi etí aṣọ nu ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Mánéjà, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ní torí Ọlọ́run." Ó kọjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí ẹ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ṣé ẹ jẹun?"

"A jẹun, bàbá. Ìrẹsì wa la jẹ."

"Àwọn ńkọ́, ṣé wọ́n se oúnjẹ?"

"Wọ́n gúnyán."

"Wọ́n gúnyán!" Bàbá gbọ́wọ́ lérí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ara ògiri fẹ̀yìn tì. "Ẹ gbà mí! Ọmọ Àbíjàn ti kó gbogbo wa wọ ẹgbẹ́ àárò."

Mánéjà ní òun kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Bàbá jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó.

"Ẹ gbọ́. Bí mo bá bẹ ènìyàn lọ́wẹ̀, tó wá bá mi roko, oúnjẹ ni mo fi ń yẹ́ ẹ sí. Tó bá ti jẹ ẹ́, ó tán, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kan ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹni tó roko mi, tó kọ oúnjẹ mi, kí ló ń wí? Ohun méjì ni. Ó lè máa wí pé mo tòṣì débi tí mi ò lè bọ́ ẹni tó wá sílé mi. Ó sì lè máa wí pé ẹgbẹ́ ni wá, lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Àárò nìyẹn. Torí pé àwọn ènìyàn yìí bọ̀wọ̀ fún wa ni wọ́n ṣe mú ìkejì. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé wá, kì í ṣe ìjà. Ẹni mélòó lẹ lọ ní Sátidé?"

"Méjìlélógún, bàbá."

Bàbá sọ fún máígadì pé kó lọ yọjú kà wọ́n. Ó lọ, ó bọ̀. "Méjìlélógún gẹ́lẹ́," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rántí kókó etí ìró. Kì í ṣe adìẹ ló ni àgbàdo yẹn.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ni mánéjà wí, "kí wọ́n máa lọ ilé. Mi ò lè jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa gbé àdá wọ ọgbà. Tí ẹnì kan bá ṣèṣe ńkọ́?"

"Ẹ lè dá wọn padà," bàbá ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá kọ àárò rẹ̀, ẹ ti wí fún un pé kì í ṣe ẹgbẹ́ yín. Ẹ má sì máa retí pákí wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mánéjà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ nu bàtà, ó tún dìde. "Ìwọ lo dá a sílẹ̀," ó wí fún mi. "Lọ parí ẹ̀. Lẹ́tà rẹ wà nínú àpótí tábìlì yìí. Mi ò tíì fọwọ́ sí i."

Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí bóyá ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù kò bà mí. Ojú ló ń tì mí, ìtìjú sì máa ń yára rìn ju ẹ̀rù lọ. Kí n tó mọ̀, mo ti gba ẹnu ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì jáde, mo sì ti kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ níwájú ìyá.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa."

"Ta ló ń bínú? Ṣé ẹni tó ń bínú ló ń gbé ọkọ́ wá ṣiṣẹ́? Dìde, kí òkúta yẹn má bó ọ lórúnkún."

"Mi ò mọ̀ ni, ìyá."

"A mọ̀ pé o ò mọ̀. Ìdí tí a fi wá nìyẹn."

Onírùngbọ̀n tó ń bèèrè ẹni tó ṣòfin iyán wà láàárín wọn. Ó na ọrùn, ó ń wo inú ọgbà. "Sista, ṣé ẹ̀yin náà ní kánópì? Ẹ lọ jókòó sábẹ́ ẹ̀ o." Ó wá sín ohùn mi jẹ, ohùn Àbíjàn mi tó máa ń lọ sókè níparí ọ̀rọ̀. "Ẹ má ṣe wàhálà kankan! Iṣẹ́ tiwa ni lónìí!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

"Iṣẹ́ dà?" ni ìyá wí.

Mo ní kí wọ́n bá wa gbá àyíká ọgbà. Ìyá mi orí.

"Ṣé ìgbálẹ̀ lẹ gbé wá sọ́dọ̀ wa? Ẹ ru yangí, ẹ di àpò, ẹ làágùn. Ọgbọọgba la fẹ́. Má fi iṣẹ́ ọmọdé lọ̀ wá."

Bẹ́ẹ̀ ni mo dúró. Mo wo ọkọ́ ọwọ́ wọn, mo wo ilé iṣẹ́ wa. Mi ò rí iṣẹ́ kankan. Nígbà tó yá, mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́, iṣẹ́ wo lẹ rí?"

Ó wo ẹnu mi pẹ́. "Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wá mu omi nílé mi ló yẹ kí o bi mí ní ìbéèrè yẹn." Ó gbé ẹnu ọkọ́ sókè, ó nà án sí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́. "Ibi tí omi pákí yín ń gbà jáde. Òun ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá sínú odò wa. Ewúrẹ́ kì í mu ún mọ́. Ọ̀nà tí ẹ tún ṣe, ẹ ṣé, ó dáa. Ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ọmọ wa kò sí lọ́nà, odò lọ́kàn wọn wà."

Omi kànga ni. Kì í ṣe ti odò. Ó ti wí fún mi, mo sì ti mu ún, mo ti dúpẹ́.

Mo yíjú sí máígadì. "Ẹ ṣí géètì."

"Ṣé mánéjà ló ní kí n ṣí i?"

"Èmi ni mo ní kí ẹ ṣí i."

Ó wo ojú mi. Ó wá kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, ó ṣí i.

Mo kó wọn gba ẹ̀gbẹ́ ilé tí a ti ń bẹ pákí lọ sẹ́yìn ọgbà, níbi tí omi funfun tó ń rùn ti ń yọ lábẹ́ ògiri. Mo gba ọkọ́ kan lọ́wọ́ bàbá fọ́máànù tó ti tẹ̀ lé wa débẹ̀, mo ká ṣòkòtò sókè. Ìyá pín ènìyàn rẹ̀ sí méjì, kí apá kan gbẹ́ kòtò ńlá tí omi máa kọ́kọ́ dúró sí kó tòrò, kí apá kejì gbẹ́ èkejì tí yóò gba àṣẹ́kù, kí ilẹ̀ mu ún, kó má dé odò mọ́. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga wà nínú wọn, wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ àwọn. Ọkọ́ ń wọlẹ̀, orin ń gòkè, ẹni tó bá sì sinmi, wọ́n á ní ṣé ó ti rẹ ará ìlú òyìnbó ni.

Bí oòrùn ṣe ń gòkè ni mo rí mánéjà. Ó ń bọ̀ láàárín ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà dídán rẹ̀, ó mú okùn ìwọ̀n dání àti ìwé kan tó ti pọ́n létí. Mo rò pé òpin iṣẹ́ mi ló dé. Ó kí ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ tí ẹrẹ̀ lè gbà á láyè. Ó wá tẹ́ ìwé náà sórí ògiri. Àwòrán kòtò ni, pẹ̀lú ìwọ̀n ìbú àti ìjìn rẹ̀. Ó ti wà nínú fáìlì rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, Èkó ló ní kó dúró ná.

"Ẹ jẹ́ kí ti òkè yẹn jìn sí i," ó ní. "Bí ẹ bá dúró síbí, òjò á kún un."

Ìyá wo ẹnu rẹ̀. "Ẹ ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ìyá."

Ìyá na ọkọ́ tirẹ̀ sí i. Mánéjà gbà á.

Ní ọ̀sán, àwọn obìnrin tó ń bẹ pákí ti ro ẹ̀bà sínú àwo ńlá méjì. Gaàrí wa ni, ọbẹ̀ ilá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé ti ìyá fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Kò gbà á. Ó tú aṣọ kan, iṣu sísè ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú epo nínú ìgò kékeré.

"Ẹ má bínú," ó ní. "A ti gbé oúnjẹ wa wá."

Àwo ẹ̀bà wúwo lọ́wọ́ mi. Mo wá mọ bí iyán Sátidé ṣe wúwo tó lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn. Mánéjà dúró sí ọ̀ọ́kán mi, òfin kò sì yí padà: òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun. Lẹ́tà mi wà nínú àpótí tábìlì rẹ̀. Mo gbé àwo sílẹ̀, mo jókòó sórí yẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá.

"Ìyá," mo ní, "ebi ń pa mí. Ẹ fún mi nínú tiyín."

Mi ò wo ojú mánéjà. Ìyá bu iṣu sí méjì, ó ti apá tó tóbi bọ inú epo, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo bù ú sẹ́nu.

"Ẹ wò ó, ó ń jẹṣu!" Onírùngbọ̀n ti dìde. "Àṣé ó ń jẹṣu! A rò pé búrẹ́dì gbọọrọ ti Àbíjàn nìkan ló ń gba ọ̀fun ẹ̀ kọjá!"

"Ẹ jẹ́ kó gbé e mì ná," ẹlòmíràn ní, "kó má fún un lọ́rùn, ká má tún wá gbẹ́ kòtò kẹta."

Nínú ẹ̀rín yẹn ni ìyá fa àwo ẹ̀bà sọ́dọ̀. Ó bu òkèlè kan, ó tọ́ ọ wò, ó mi orí. "Pákí wa nìyí," ó ní. "Ó mọ ọ̀nà ilé." Ni gbogbo wọn bá ṣan ọwọ́, wọ́n jókòó ti ẹ̀bà.

Nígbà tí wọ́n máa lọ, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ìyá dúró lẹ́nu géètì, ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó gbọn ọ́n. Hóró àgbàdo dà sílẹ̀, àkùkọ máígadì sì sáré dé kí wọ́n tó yí dúró. "Ó tán," ni ìyá wí, ó gbé ọkọ́ lé èjìká.

Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan ni odò fi mọ́, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kọjá kí ewúrẹ́ tó padà síbẹ̀. Lónìí, èmi ni mò ń gba òṣìṣẹ́ tuntun wọlé ní ilé iṣẹ́ náà. Abúlé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ mú wọn lọ, mo sì máa ń kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má jẹun nílé lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ Ẹtì yẹn. Mo parí fọ́ọ̀mù mi láàárọ̀, mo gbé e lọ bá mánéjà. Ó kà á láti òkè, ó ń mi orí. Ó dé àyè orúkọ àwọn tí a ṣe lóore, ó dúró. Orúkọ ilé iṣẹ́ wa ni mo kọ síbẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tí o kọ síbí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Bó ṣe rí ni mo kọ ọ́."

Ó yọ lẹ́tà kan nínú àpótí, ó gbé e lé orí fọ́ọ̀mù, ó mú bírò. Ìyẹ̀fun kún bàtà rẹ̀, ẹrẹ̀ àná sì wà létí rẹ̀, kò nù ún.

"Iyán ọjọ́ Sátidé yẹn," ó ní, "ṣé ó pọ̀?"

"Ó pọ̀, sà. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni wọ́n sè sí i."

"Ẹ̀gúsí." Ó mí kanlẹ̀. "Ó mà ṣe o."

Ó sì fọwọ́ sí méjèèjì.